Ìka Kékeré Ọwọ́ Òsì

Ẹ̀jẹ̀ ni Àbúrò kọ́kọ́ rí. Ó pupa lórí gíláàsì tó ń gé lọ́wọ́, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí tábìlì bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, ó sì rò pé ọ̀dà ni. Ó tilẹ̀ gbójú sókè, bóyá nǹkan ń jò láti àjà. Ìgbà tó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò lórí rúlà ló tó rí i pé ara òun ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá. Etí gíláàsì ti la ìka rẹ̀ tó kéré jù lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì mọ̀ ọ́n lára rárá.

Kò dùn ún. Ohun tó bà á lẹ́rù nìyẹn.

Ọ̀gá rẹ̀, bàbá arúgbó tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Dígí, ti ju irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ti fa aṣọ mímọ́ kan yọ.

"Ọmọ yìí, gíláàsì ni mo ní kí o gé. Mi ò ní kí o gé ara ẹ." Ó di ìka náà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni tí oúnjẹ gbóná fún. "Kò jìn. Ṣé ó ń ta ọ́?"

"Ó ń ta mí díẹ̀, sà."

Irọ́ ni. Bí ẹni pé ìka ẹlòmíràn ni bàbá náà ń dì.

"Ṣé wàá ṣì lè ta gìtá nírọ̀lẹ́? Àbí kí n jókòó sílé mi jẹ́jẹ́? Torí orin yín yẹn, lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé ẹ ṣì ń tún okùn ṣe ni, àṣé ẹ ti fẹ́ẹ́ parí."

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìka kékeré náà lábẹ́ aṣọ, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀.

Àìsàn kan wà nínú ìdílé wọn tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Bàbá wọn ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó mú un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ti dán, èkejì ṣì kún fún ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a nílẹ̀ balùwẹ̀, kò sì dìde mọ́. Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀gbọ́n Àbúrò ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin kan tó ń ṣe jáàsì tí wọ́n pò mọ́ rọ́ọ̀kì, èyí tí àwọn olórin ń pè ní fúsọ̀n. Orin tí kì í dúró sójú kan ni. Ẹ ó máa bá a lọ jẹ́jẹ́, á kàn yà síbòmíràn lójijì bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Orí ìtàgé ni ẹ̀gbọ́n wà, láàárín orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ, nígbà tí ọwọ́ òsì rẹ̀ jábọ́ lára ọrùn gìtá, tí ẹsẹ̀ òsì sì tẹ̀ lé e. Rọpárọsẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ nígbà tó ṣubú. Wọ́n rò pé ara eré ni.

Ó ti di ọdún méjì báyìí. Nígbà tí ó kọ́kọ́ ti ọsibítù dé, àga tó kọjú sí fèrèsé ló máa ń jókòó lé, kò sì jẹ́ wo ògiri tí gìtá gbé kọ́. Lọ́jọ́ kan, Àbúrò ń nu eruku ara gìtá náà, ọwọ́ rẹ̀ kan okùn.

"Okùn kẹta ti lọ sílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí láti orí àga.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ nípa gìtá látọjọ́ tó ti ṣubú nìyẹn. Àbúrò kò mọ okùn kẹta yàtọ̀ sí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ṣùgbọ́n ó gbé gìtá náà wá síwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ fi hàn mí." Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jókòó ti ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Àbúrò á fi ọwọ́ òsì tirẹ̀ tẹ okùn, ẹ̀gbọ́n á fi ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ ta á. Ènìyàn méjì, gìtá kan. Bó bá tẹ ohùn tí kò yẹ, ẹ̀gbọ́n á fajú ro bí ẹni tí kòkòrò kó sí lẹ́nu. Bó bá tẹ èyí tó yẹ, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn máa ta á lọ. Nígbà tó yá, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún náà lé e lọ́wọ́, òun sì ń fi ẹnu kọ́ ọ.

Ìka kékeré ló máa ń tẹnu mọ́ jù. "Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi í sílẹ̀ kó máa ṣeré," a máa wí. "Òun gan-an ló máa gbé ọ dé ibi tí àwọn yòókù ò lè dé." Lára ìka náà ni gbogbo ẹwà orin rẹ̀ rọ̀ mọ́. Níbi tí orin bá ti ń gòkè, tí olórin mìíràn yóò gbé gbogbo ọwọ́ kúrò kó tó bá a, ìka kékeré ẹ̀gbọ́n á nà gbọọrọ, á sì já ohùn náà wá láti òkè bí ẹni já èso.

Nírọ̀lẹ́ òní ni Àbúrò yóò kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ náà ta á níwájú èrò. Nínú gbọ̀ngàn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ṣubú. Orin kan náà. Òní yìí sì ni ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ yàn láti kú.

Bàbá Dígí ní kó máa lọ sílé lọ́sàn-án. Kò wọ ọkọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun ṣì gún. Ó ń rìn, ó ń wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan, ó wo òjìji ara rẹ̀ nínú gíláàsì fèrèsé, ó sì rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún wọn nígbà tí ẹ̀gbọ́n wà ní ọsibítù pé ẹnu ni kí wọ́n máa kọ́kọ́ wò: bó bá ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n má dúró gbọ́ àlàyé. Àbúrò rẹ́rìn-ín títí eyín ẹ̀yìn fi hàn. Nínú ṣọ́ọ̀bù, oníbàtà rò pé òun ló ń rẹ́rìn-ín sí. Ó rẹ́rìn-ín padà, ó sì juwọ́. Àbúrò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ẹnu kò wọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé kò ní wọ́ tó bá ṣe díẹ̀ sí i?

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú dígí, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń fi ọwọ́ kan dé bọ́tìnnì.

"Má wulẹ̀ ràn mí lọ́wọ́," ni ẹ̀gbọ́n wí kí Àbúrò tó la ẹnu. "Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, mo fẹ́ fojú ara mi rí ìparí ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti fá irun, ó ti fi ìpara ra ojú. Àbúrò kò rántí ìgbà tó rí i báyìí kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ìka tó gbé bọ̀ láti ibi iṣẹ́ sì padà sí inú rẹ̀.

"Kí ló ṣe ìka ẹ?"

"Gíláàsì ni, Bọ̀ọ̀dá. Kò jìn."

Ẹ̀gbọ́n gba ọwọ́ náà, ó gbé e yẹ̀ wò. "Ṣé ó ń ká?"

Àbúrò ká a. Ó ń ká. Ìka náà ń ṣe ohun gbogbo tí wọ́n bá rán an, kò kàn jíṣẹ́ fún ẹni tó rán an ni.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Gbọ̀ngàn náà ń rùn fún ọṣẹ tí wọ́n fi fọ ilẹ̀. Wáyà ló kún orí ìtàgé bí ewéko, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin sì ti ń gbé sípíkà sípò. Olórí ẹgbẹ́ ti jókòó sídìí dúrọ́ọ̀mù. Obìnrin gíga kan ni, Agogo ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sẹ́ni tó rí i rí kó pẹ́ dé ìdí ìlù tàbí ìdí oúnjẹ. Ìlù méje-méje ni orin ẹ̀gbọ́n ń lọ. Ènìyàn á ti ka mẹ́fà, ara á ti fẹ́ sinmi, ọ̀kan á tún kù. Nínú ọ̀kan tó kù yẹn ni ọ̀pọ̀ olórin máa ń ṣubú sí.

Agogo ka iye, wọ́n gbéra. Ohùn àkọ́kọ́ dára. Ìkejì dára. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Àbúrò na ìka kékeré, kò sì mọ ibi tí ó balẹ̀ sí. Okùn náà kùn bí eṣinṣin inú igò. Ó tún un nà, ó tún kùn. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù, kì í ṣe méje-méje.

"Àbúrò." Agogo fi ọwọ́ pa ìlù lẹ́nu mọ́. "O ń sáré. Ta ló ń lé ọ?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Mi ò bínú. Mo béèrè ẹni tó ń lé ọ ni."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Apá kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀ ni Àbúrò ń ṣọ́ báyìí: ìpéǹpéjú òsì, èjìká òsì, orúnkún òsì. Ṣé kì í ṣe pé orúnkún náà ti ń yẹ̀? Ó wo pákó tó dúró lé. Ibí yìí náà ni wọ́n ní kí òun dúró sí, ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sí. Ó gbójú kúrò nílẹ̀, ojú rẹ̀ sì bá ti ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló jókòó ní ìlà àga àkọ́kọ́, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Kò wo ojú Àbúrò. Ìka kékeré náà ló ń wò, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ejò.

Àbúrò bọ́ gìtá lọ́rùn, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò mọ ìka mi lára."

Ẹ̀gbọ́n kò béèrè èwo. "Láti ìgbà wo?"

"Láàárọ̀, nígbà tí gíláàsì gé mi. Ó lè ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀."

"Di ojú ẹ. Gbé ọwọ́ méjèèjì síwájú. Dúró bẹ́ẹ̀." Àbúrò dúró bẹ́ẹ̀. Ó ń gbọ́ tí àwọn kan ń to àga. "Dárúkọ màmá wa. Tún un pè. Sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú oríkì." Nígbà tó la ojú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lókè dọ́gbadọ́gba. Ẹ̀gbọ́n ló ń gbọ̀n. Ọ̀pá rẹ̀ ń kan ilẹ̀ kó-kó-kó lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ìka kékeré náà ló fi bẹ̀rẹ̀ lára tèmi," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà."

Àbúrò rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Lójijì ni. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé lójijì ni; bẹ́ẹ̀ náà ni òun fúnra òun ṣe sọ ọ́ fún àwọn ẹbí.

"Ẹ ò sọ fún wa."

"Mo fẹ́ ta gìtá." Ẹ̀gbọ́n ti gbé ara rẹ̀ dìde. "Ó yá, ọsibítù."

"Àwọn èèyàn ti fẹ́ẹ́ máa wọlé, Bọ̀ọ̀dá."

"Kí wọ́n máa wọlé!"

Agogo ti gbọ́. Kò dìde lórí àga rẹ̀. "Ẹ máa lọ," ló wí. "Orin yín á di ìkẹyìn. Tí ẹ ò bá dé, a ó ta nǹkan mìíràn. Ayé ò ní torí ẹ̀ parí."

Ọsibítù kékeré kan kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò dúró de ọkọ̀. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì, ó ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀, òógùn ń ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà jẹ́ lẹ́yìn, eré ni ó sì ń sá ní ìwọ̀n tí ara rẹ̀ lè sáré mọ. Àbúrò di apá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Àwọn tó ń kọjá lọ ń yà fún wọn lọ́nà, wọn kò sì lè mọ ẹni tó ń gbé ẹnì kejì lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Àbúrò, ó tan iná sí i lójú, ó ní kó ti òun, kó fa òun, kó rìn lórí ìlà kan. Ó fi abẹ́rẹ́ tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: àtàǹpàkò mọ̀ ọ́n, ìka ìfábẹ̀là mọ̀ ọ́n, ìka àárín mọ̀ ọ́n. Ìka tó tẹ̀ lé e mọ̀ ọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò mọ̀ ọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìka kékeré kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n dúró ti ògiri, kò mí. Lẹ́yìn náà ni dókítà ká apá Àbúrò, ó wá ibì kan nínú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó sì fi ìka gbá a pẹ́.

Àbúrò pariwo. Iná kan ti ta láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lọ dé orí ìka kékeré.

"Ó gbọ́ yẹn, àbí?" ni dókítà wí, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń gé gíláàsì."

"Ìgbọ̀nwọ́ yìí lẹ máa ń fi tẹ tábìlì? Lójoojúmọ́? Iṣan kan gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá lọ sínú ìka yìí. Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀ jù. Tí ẹ bá fi í lọ́rùn sílẹ̀, á jí padà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ lónìí."

"Dókítà," ni ẹ̀gbọ́n wí, "ṣé kì í ṣe..." Kò lè parí rẹ̀.

Dókítà wo ọ̀pá rẹ̀, ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ká sí àyà. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Kì í ṣe ohun tí ẹ̀ ń rò, sà. Lónìí, kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àbúrò yín ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó lè jẹ́ ìbẹ̀rù ló gbé e sókè, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Lónìí. Àbúrò gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà jáde sí ẹnu ọ̀nà. Oòrùn ti ń wọ̀. Wọ́n dúró, kò sí ẹni tó mọ apá ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbà.

"Ṣé o fẹ́ ta á?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bọ̀ọ̀dá."

"Ìyẹn kọ́ ni mo béèrè."

Àbúrò wo ìka kékeré rẹ̀. "Mo fẹ́ ta á."

Èrò ti kún nígbà tí wọ́n dé. Agogo rí wọn láti ìdí ìlù rẹ̀, kò mi orí, kò juwọ́, ó kàn fi ẹnu igi ìlù tọ́ka sí gìtá tó dúró sí àyè rẹ̀. Nígbà tó kan orin ìkẹyìn, Àbúrò gbé gìtá kọ́ ọrùn. Ẹ̀rù náà kò lọ síbì kankan. Orí rẹ̀ ń wí pé dókítà náà kéré, pé oorun ń kùn ún, pé àṣìṣe kì í jìnnà sí ẹni tí oorun ń kùn. Agogo ka iye.

Wọ́n gbéra. Ó ká ìka kékeré náà mọ́ra, ó sì fi ìka mẹ́ta yòókù rìn. Níbi tí orin ti ń gòkè, tí ìka ẹ̀gbọ́n máa ń nà lọ já èso yẹn, kò ní ohun tó lè fi débẹ̀. Nítorí náà, kò lọ. Ó dúró sísàlẹ̀. Ó jẹ́ kí ìlù méje-méje náà kọjá lórí rẹ̀ láìta nǹkan kan, ó gbọ́ kíbọ́ọ̀dù tó ń ṣiyèméjì, ó gbọ́ Agogo tó dín ìlù kù láti gbọ́ ohun tó fẹ́ ṣe. Òun náà kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló ta ohùn kan, ohùn kékeré kan ṣoṣo, ó sì bọ́ sínú ìkeje, ọ̀kan tó máa ń kù yẹn. Ó tún ta á, ó gbé e wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ohùn náà ń gbọ̀n nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì dá a dúró. Ó ń bẹ̀rù, ó ń ta á. Ó ń ta á, ó ń bẹ̀rù, títí orin náà fi rí ọ̀nà ilé. Bàbá Dígí ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, orin kò sì tíì parí.

Táksí ni wọ́n wọ̀ padà. Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn, gìtá wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún kan ọrùn gìtá náà.

"Ibi tí o dúró yẹn."

"Ìka mi ò lè débẹ̀."

"Mo mọ̀. Èmi ì bá fi ipá débẹ̀ ni." Ó kọjú sí fèrèsé. "Ó dáa bí o ṣe dúró."

Àwọn iná òpópónà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Àbúrò wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ yẹn," ló béèrè, "ṣé ẹ̀rù bà yín?"

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ra. Awakọ̀ ló ń kùn orin kan fún ara rẹ̀ níwájú.

Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀sẹ̀ náà kiri nínú orí rẹ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n gbé. Tábìlì kan náà ni wọ́n jọ jẹun lé. Ó sì rí i. Ẹ̀gbọ́n ń fọ àwo lẹ́yìn oúnjẹ, àwo kan bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó fọ́ yángá. Àbúrò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọwọ́ tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún," lòun wí, "àwo lásán ló ṣẹ́gun ẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n náà bú sẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa èéfọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pẹ́ gan-an kó tó ṣà á tán, nítorí pé ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò. Òun rí ọwọ́ náà níbẹ̀. Ìgbéraga olórin lòun pè é.